Eyín Ọmọ Kò Jẹ̀bi

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wá ń gbé ní agboolé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, nítòsí ọjà Wàndó. Ọ̀nà òkè ló ti wá, láti ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ó pọn ọmọ oṣù méje. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá súnmọ́ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ á fi etí aṣọ bò ó lẹ́nu. A rò pé egbò ni. Kì í ṣe egbò. Eyín òkè ni ọmọ náà kọ́kọ́ hù.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní àwọn abúlé kan ní apá òkè ilẹ̀ Benin, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé àjẹ́ ni ọmọ tó bá kọ́kọ́ hu eyín òkè, tàbí tó gbé eyín wáyé. Wọ́n ní yóò pa òbí rẹ̀. Wọ́n ti pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé òmíràn jù sílẹ̀. Òfin ọmọdé tí ilẹ̀ Benin ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2015 kọ ìwà yìí, ó sì ní ìjìyà fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè lé ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ìyá. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá mọ bí eyín ṣe ń dá nínú oyún kò ní bẹ̀rù eyín mọ́.

Ọjọ́ tí a rí èéhù àgbàdo kọ́ ni a gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí. Nígbà tí oyún bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọlẹ̀ kò tóbi ju horo ẹ̀wà kan lọ. Ìyá mìíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Síbẹ̀, awọ inú ẹnu ọlẹ̀ náà ti ń nípọn. Ó ń ga bí ebè, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kí oṣù kẹta tó parí, kókó kéékèèké á ti yọ lára ebè wọ̀nyí: mẹ́wàá lókè, mẹ́wàá nísàlẹ̀. Ogún eyín ọmọdé nìyẹn. Awọ ẹnu ni yóò ṣe èèpo eyín, èyí tó funfun tó ń dán. Ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò ṣe inú eyín. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè dá eyín ṣe.

Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, kókó wọ̀nyí á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Láti orí ni wọ́n ti ń le. Gbòǹgbò ló ń kẹ́yìn. Kí a tó bí ọmọ, irúgbìn díẹ̀ nínú eyín àgbà pàápàá ti wà nílẹ̀. Ẹ fi ìka mímọ́ kan èrìgì ọmọ tuntun. Ó rọ̀, ṣùgbọ́n ogún eyín ló fara pamọ́ síbẹ̀.

Èwo ni yóò kọ́kọ́ jáde? Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, méjì iwájú ìsàlẹ̀ ni, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọmọ mìíràn á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ti rí i lóko yín: lórí ebè kan náà, àgbàdo kan á yọ lónìí, èkejì rẹ̀ á yọ lọ́tùn-únla. Ta ló ń pe àgbàdo ní àjẹ́? Ọmọ tó gbé eyín wáyé kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Bí eyín náà bá ń mì, kí ìyá gbé e lọ han dókítà, kí ọmọ má baà gbé e mì.

Ẹ má jẹ́ ká dá àwọn ará òkè nìkan lẹ́bi. Àwa náà ní tiwa. Bí ọmọ oṣù méje bá ń yàgbẹ́ gbuuru, a ó ní, “Eyín ló ń hù.” Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, a ó tún ní, “Eyín ni.” Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, nítorí ó ń pa ọmọ. Eyín lè mú kí itọ́ máa dà, kí èrìgì máa yún ọmọ, kí ó máa sunkún. Kì í mú ibà líle wá. Kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ní àsìkò kan náà, ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ ń dín kù. Ọmọ ti ń rá, ó ń kó ohun ilẹ̀ sẹ́nu. A ti ń fún un ní ẹ̀kọ. Omi rẹ̀ lè má mọ́. Ẹ̀fọn náà ń jẹ ẹ́. Ibà tí a pè ní ti eyín lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn. Ìyẹn kò ṣeé fi ṣeré, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé ọmọ lọ síbi ìtọ́jú.

Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru ni, ẹ mú lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ ré orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá ọmú dúró, kí ẹ sì gbé e lọ síbi ìtọ́jú.

Ní Nàìjíríà, láti ìparí ọdún 2008 wọ ọdún 2009, àwọn ìyá ra oògùn olómi kan tí wọ́n ní ó wà fún eyín ọmọ. Májèlé wà nínú rẹ̀. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ọmọ tó lé ní ọgọ́rin (80) sì kú. Eyín kọ́ ló pa wọ́n.

Oògùn mìíràn tún wà tó ń ba eyín fúnra rẹ̀ jẹ́. Tetracycline lorúkọ rẹ̀. Bí aláboyún bá ń lò ó láti nǹkan bí oṣù kẹrin, tàbí tí a bá ń fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ó lè wọ inú eyín tó ń dá lọ́wọ́. Eyín náà á pọ́n, tàbí kó dúdú ràkọ̀ràkọ̀. Pákò kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Egungun tó ṣẹ́ lè jinná, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe èèpo eyín ti kú kí eyín tó yọ síta; kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba kó oògùn ayédèrú lọ́jà Adjégounlé ní Kútọnu. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí ẹni tó gbé agbọ̀n oògùn lójú oòrùn. Aláboyún kò gbọdọ̀ rà lọ́wọ́ wọn, bí orí tilẹ̀ ń fọ́ ọ. Agbẹ̀bí ni kó bi.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìyí. Ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun, ẹ̀wà, wàrà àti ẹ̀fọ́ ló ń di eyín ọmọ. Ta ló yẹ kó fowó sílẹ̀?

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ara rẹ̀ le, ti ọkọ rẹ̀ náà le. Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti ń pààrọ̀ eyín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ya ẹnu gbàgà fún mi láti fi àlàfo hàn mí. Eyín òkè méjèèjì ti bọ́.