Ẹ Yéé Gé Sípíríǹgì, Ẹ Lọ Ra Táyà

Àwa mẹ́ta la jọ ni Golf 4 GTI kan, tòkunbọ̀ ọdún 2001. Òun là ń gbé lọ síléèwé lójoojúmọ́, òun náà là ń gbé relé tí ìdánwò bá parí. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ló ń bá yín wí.

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ yìí, kí ló kọ́kọ́ ń ṣe? Á yọ sáílẹ́ńsà kó lè máa bú ramúramù lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì láago méjì òru, nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń kàwé. Á gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Á wá ra ríìmù 18. Owó tán! Táyà tó wà lára ríìmù ọ̀hún ńkọ́? Àlòkù ni. Bẹ́ẹ̀ táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wà lára ọjà tí aṣọ́bodè Nàìjíríà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọ̀lú rárá.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín lónìí, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kí ẹ kà. Bó bá jẹ́ 1412, ọ̀sẹ̀ 14 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má wo dídán rẹ̀ o, ẹni tó tà á ti fi nǹkan dúdú kùn ún. Ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin 150, tó ń fò bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, lẹ fi ń sáré 140 ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí òfin ti ní 100, lórí rọ́bà tó ti sán. Ta lẹ fẹ́ pa? Sípíríǹgì tí ẹ gé ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò báyìí, ṣọ́ọ̀kì á gbá ilẹ̀, táyà á fò kúrò lórí títì. Táyà tó wà lókè, bíréèkì wo ló fẹ́ dá a dúró?

Ẹ ò tíì bi mẹkáníìkì yín nípa timing belt. Tòkunbọ̀ ni, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Tó bá já, písítíìnì á gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì dìdàkudà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí a rà á la ti pààrọ̀ tiwa, pẹ̀lú pọ́ǹpù omi, torí ike ni abẹ̀bẹ̀ inú èyí tó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, ó sì máa ń fọ́. Owó náà dùn wá, a ò purọ́.

Àwọn bàbá wa ní Corolla ló yẹ ká rà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, Corolla ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n Golf fẹ́ràn kọ́nà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba sílíńdà gáàsì àti gbogbo ẹrù wa lọ́jọ́ tí a kó yàrá. Ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́ ló ń sọ ọ́ di pósí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣe fáàrí ni.

Sáílẹ́ńsà tí ẹ yọ jù sẹ́yìn ilé yẹn ńkọ́? Bí ẹ ò bá lò ó mọ́, ẹ gbé e wá fún wa. Tiwa ti ń jò.