Ta Ni Ó Ni Ọ̀nà Abẹ́lẹ̀ Náà?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2021 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ilẹ̀kùn Twitter mọ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àṣẹ tí wọn kò sì gbé kúrò títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa rántí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, wọ́n sì gba VPN, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ inú íntánẹ́ẹ̀tì, lọ sí ibi tí ọkàn wọn fẹ́. Èmi kò bá wọn wí. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni àìbèèrè ẹni tí ó ni ọ̀nà náà. Nítorí ẹni tí ó là á ni ó ń rí gbogbo ibi tí èrò ọ̀nà ń yà sí, ẹni tí ó bá sì là á lọ́fẹ̀ẹ́ fún àlejò tí kò mọ̀ rí, ó ní ohun tí ó fi ń jẹun.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ṣakí ọmọ Àsabàrí àti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹ̀bẹ̀dí, tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kọ́ṣẹ́ lórí Linux, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ẹ̀yin lẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣí ọ̀nà yín. Ètò i3, tí Michael Stapelberg ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 2009, fúyẹ́ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń to fèrèsé gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ ní etí sí etí, tí ọ̀kan kì í bo èkejì. Ṣùgbọ́n kì í báni wá Wi-Fi. NetworkManager ni ó ń ṣe ìyẹn, àṣẹ tí ẹ bá fi irinṣẹ́ rẹ̀, nmcli, pa ni ó sì ń dúró dè: nmcli device wifi list kí ẹ lè rí èyí tí ó wà nítòsí, nmcli --ask device wifi connect pẹ̀lú orúkọ èyí tí ẹ yàn, kí páásíwọ́ọ̀dù má baà kù sílẹ̀ láàrin àwọn àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀, lẹ́yìn náà nmcli connection up pẹ̀lú orúkọ VPN yín láti gbé e dìde.

Àwọn kan ń pe títẹ àṣẹ báyìí ní ìyà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ tí ó sì bọ̀, Wi-Fi lè padà fúnra rẹ̀ kí VPN má padà, kí ọ̀rọ̀ yín sì máa gba gbangba kọjá láìsí ẹni tí yóò ta yín lólobó. Ẹni tí títẹ nmcli connection show --active ti mọ́ lára ni yóò tètè mọ̀.

Láti oṣù kẹta ọdún 2020 ni WireGuard, ètò VPN tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Jason Donenfeld, ti wọ inú Linux 5.6, tí ó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lè dá owó jọ, kí wọ́n háyà kọ̀ǹpútà kékeré kan sí ìlú mìíràn, kí wọ́n la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tiwọn, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. (Ẹni tí ó fi kọ̀ǹpútà náà háyà ṣì lè rí nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ sì ń san owó rẹ̀.) Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ The Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí, ẹ fi iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn ọmọ wa láti ọdún kìíní, kí àṣẹ mìíràn tó ti Àbújá dé.