Ìgbà tí aláìsàn bá délé ni kí wọ́n máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀

Bí wọ́n bá gbé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún n'Íbàdàn padà sí Fìdítì tàbí Ìlọrà, ọpẹ́ ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ máa ń dá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn yóò máa gbé oúnjẹ bá a níbẹ̀, wọn yóò sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìfẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹsẹ̀ tí kò rìn, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kì í sáré, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ abẹ àti ìbímọ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí èyí tó dì sínú iṣan bá já, tó gba inú ọkàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń ya October 13 sọ́tọ̀ nítorí àìsàn yìí láti ọdún 2014 sọ pé ó ju ìlàjì rẹ̀ lọ tó lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀, tàbí láàrin 90 ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Fún abiyamọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló le jù.

Nígbà mìíràn, ohun tó pa ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn, tí ẹbí yóò sì máa fura sí orogún. Ẹsẹ̀ kan ti lè wú ṣáájú, kó gbóná, kó máa ro ó, kí wọ́n sì fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ. Wíwọ́ bẹ́ẹ̀ léwu. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n sáré gbé e lọ, pàápàá bí kò bá lè mí dáadáa.

Kì í ṣe ẹ̀bi ẹbí nìkan. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì wọ́n, owó náírà sì ti já wálẹ̀ láti June 2023. Nínú November ọdún náà ni Sanofi, tó ń ṣe Clexane, kéde pé òun yóò fi òwò òun ní Nàìjíríà lé àwọn alágbàtà lọ́wọ́ láti February 2024. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ètò náà. Síbẹ̀, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń ra oògùn. Dókítà nìkan ló sì lè sọ ẹni tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ yìí, nítorí ó lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà.

Ìrìn kò gba kọ́bọ̀. Bí dókítà bá ti gbà á láyè, kí aláìsàn rìn yí àgbàlá ká, kó sì máa mi ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ìwé tí wọ́n ń kó fún un relé. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ní ti abiyamọ, bó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Àfijìó, kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ ẹsẹ̀ ìyá náà wò.