Omíyalé Derna: Ṣé òjò ló jẹ̀bi ni, àbí ìjọba?

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn la inú odò Derna kọjá, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Líbíà, láìjẹ́ pé omi kan bàtà rẹ̀. Wadi ni àwọn Lárúbáwá ń pe irú odò bẹ́ẹ̀. Inú àfonífojì tóóró láàrin àwọn òkè àpáta ló ti ń sọ̀kalẹ̀, àárín ìgboro ló sì gbà bọ́ sínú òkun. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lórí àwọn òkè náà, ilẹ̀ olókùúta kò lè fa omi náà mu tán, ojú kan ṣoṣo ni àgbàrá yóò kóra jọ sí.

Àwọn ará ìlú náà kò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí omi ti yalé wọn rí, pàápàá lọ́dún 1959. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ kan láti Yugoslavia fi kọ́ ìsédò méjì síbẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1970: Abu Mansour lókè, Al-Bilad nítòsí ìlú. Láti ìgbà náà ni ọkàn ti balẹ̀, tí ilé sì ń pọ̀ sí i létí odò gbígbẹ náà. Ilé-iṣẹ́ kan láti Tọ́kì gba iṣẹ́ àtúnṣe wọn lọ́dún 2007, ṣùgbọ́n ogun ọdún 2011 lé e lọ. Ìjọba wá di méjì, kò sì sí ẹni tó padà sídìí iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2022, Abdelwanees Ashoor, onímọ̀ nípa omi ní Yunifásítì Omar Al-Mukhtar, kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ewu ń bẹ.

Ní òru ọjọ́ 10 mọ́jú ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, ìjì Daniel dé. Ní Al-Bayda tó wà lágbègbè náà, òjò tó rọ̀ láàrin wákàtí 24 lé ní 400 mìlímítà. Ìsédò òkè ya, omi rẹ̀ sì rọ́ lu ti ìsàlẹ̀. Odindi àdúgbò ni ó gbá lọ sínú òkun, pẹ̀lú àwọn tó ń sùn. Wọ́n ti sọ fún àwọn kan kí wọ́n kúrò nílé, wọ́n sì sọ fún àwọn mìíràn kí wọ́n jókòó sílé wọn. Òkú tí wọ́n rí kà ju 4,000 lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn ni wọ́n wá tì.

Òótọ́ ni pé irú òjò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá. Àmọ́ òjò kọ́ ló fi ìsédò sílẹ̀ láìtún un ṣe. Ohun tí ilé-ẹjọ́ Derna náà rí nìyẹn nígbà tó sọ òṣìṣẹ́ ìjọba 12 sẹ́wọ̀n ní oṣù Keje, ọdún 2024, láti ọdún 9 sí 27. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìdájọ́ náà tí ìsédò Alau nítòsí Màídúgùrì ya, lórí odò Ngadda tí òun náà máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.