Nọ́ńbà ìjókòó kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó sórí ìjókòó olówó ní sinimá, tiyín ni mo fẹ́ sọ lónìí 🧵

Tíkẹ́ẹ̀tì mi kọ F7. Mo débẹ̀, ẹnìkan ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀ tòun ti gúgúrú. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án. "Ọ̀gá mi, ṣé ìjókòó lẹ wá wò ni àbí fíìmù?" Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ní kí n ṣáà wá ibòmíì jókòó sí.

Ẹ gbọ́ ná. Láti Alajue l'Ẹdẹ ni mo ti wọkọ̀ lọ Ìbàdàn! Ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn mọ́ọ̀lù ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, ìyẹn dá mi lójú. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe yan ìjókòó mi sílẹ̀.

Àwọn kan á ní ṣebí bàbá Ògúndé ò fún ẹnikẹ́ni ní F7. Ògúndé gbé Aiyé (1979) kiri ìlú ni o. Fíìmù ló ń wá bá èèyàn nígbà yẹn.

Owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000. Ẹni tó yọ owó ọkọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìyẹn lẹ fẹ́ lé sí ìlà iwájú, kó máa gbójú sókè bí adìyẹ tó ń mumi?

Ẹ má sì sọ pé kí wọ́n fowó lé ìjókòó àárín. AMC gbìyànjú ẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 2023, ọdún yẹn náà ni wọ́n jáwọ́.

Ẹnìkan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ọ̀nà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ yọ nọ́ńbà kúrò lára tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì dín owó ẹ̀ kù.