Iṣẹ́ òrùlé koríko: Oyè nìkan kò lè bọ́ ọmọṣẹ́

Ẹni tó bá rò pé òrùlé koríko ti di ohun ìgbàgbé kò tíì gbọ́ nípa abúlé Shirakawa-go ní ilẹ̀ Japan, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 1995. Koríko gígùn tó ń jẹ́ susuki ni wọ́n fi ń bo ilé níbẹ̀, bí àwọn Yorùbá àtijọ́ ṣe ń lo bẹẹrẹ.

Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ náà. Ọmọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ máa di koríko ní ìdì-ìdì, yóò máa gbé e fún ọ̀gá. Kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó láti etí òrùlé lọ sókè, bí wọ́n ṣe ń fi okùn so ó mọ́ igi, tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí ńlá gé e dọ́gba, ọdún á ti gorí ọdún.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òrùlé kan lè lò tó ọdún 30 kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yui ni ará abúlé fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gba ìlú ńlá lọ.

Lọ́dún 2020, UNESCO bu ọlá fún ìmọ̀ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. Ó dára, àmọ́ ọlá kì í ṣe oúnjẹ. Ó yẹ kí ìpín ọmọṣẹ́ wà nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún àtúnṣe ilé, kí wọ́n sì máa tún díẹ̀díẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, kí iṣẹ́ má baà dá. Bí ọ̀gá bá kú láìní ọmọṣẹ́, kò sí owó tó lè ra ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.