Kí nìdí tí wọn kì í fi í fún aláìsàn ní gbogbo ìtànṣán lọ́jọ́ kan?

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Ìyá ọmọ kan ní kíláàsì wa gba ẹnubodè Sèmè lọ sí Èkó fún ìtọ́jú onítànṣán nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Ìgbà 25 ni wọ́n dá fún un. Nígbà tó di ìkẹrìndínlógún, awọ àyà rẹ̀ dú, ó ń bó. Àwọn ẹbí ní wọ́n ti ń dáná sun ún, wọ́n bá mú un wálé. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ló dé tí wọn kò fún un ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí owó ilé àti owó ọkọ̀ lè dín kù.

Ìbéèrè òmùgọ̀ kọ́ nìyẹn. Ní Paris, ní àwọn ọdún 1920, Claude Regaud fẹ́ fi ìtànṣán ṣe é kí àgbò má lè bímọ mọ́. Nígbà tó lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, awọ ẹpọ̀n jóná. Nígbà tó pín in sí ọjọ́ púpọ̀, ó rí ohun tó ń wá, awọ kò sì bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ti kọ ebè rí mọ̀ ọ́n. Igba ebè lọ́jọ́ kan, ọwọ́ á léròrò. Ogún ebè lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, igba náà ni, ọwọ́ á sì gbé e. Láàárín ìgbà kan sí èkejì, awọ ń tún ara rẹ̀ ṣe ju bí jẹjẹrẹ ṣe lè ṣe é lọ. Bákan náà, ìtànṣán tó ń kán díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kì í ba awọ jẹ́ tó èyí tó dà wàà ní ìṣẹ́jú mélòó kan, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá gùn jù, jẹjẹrẹ náà á rí i lò. Nítorí náà, ẹ má fa aláìsàn kúrò láàárín. Awọ wa kì í sábà pọ́n bíi ti òyìnbó, ńṣe ló ń dú sí i. Ẹ tètè fi han dókítà, ẹ má fi àgbo pa á.

Iye ìgbà ló yẹ ká bèèrè. Gray 50 ní ìgbà 25, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ni ti àtijọ́ fún ọmú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi gray 40 ní ìgbà 15 wé e: ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ga díẹ̀, àpapọ̀ dín kù, jẹjẹrẹ kò padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ kò sì bàjẹ́ jù ú lọ. Kò bá gbogbo aláìsàn mu o, dókítà ló máa sọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń sùn nílé onílé l'Ékòó, ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe kékeré.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ IAEA kéde ètò Rays of Hope, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára orílẹ̀-èdè méje àkọ́kọ́. Kí àwọn aláṣẹ má ka iye ẹ̀rọ nìkan fún wa. Kí wọ́n sọ iye ìgbà tí ìyá kan láti Kétu máa wọ ọkọ̀ kí ìtọ́jú rẹ̀ tó parí.